Ọkọ̀ Tí Kò Ní Kọ́kọ́rọ́

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti lù, òjò sì ti dá, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò nígbà tí aláàárù kan àti ìyàwó rẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé Alágbàtà, níbi tí wọ́n so ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì kan mọ́ òpó. Aláàárù gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ kò gbé nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti ta kókó sí etí ìró rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lórí kókó náà.

Alágbàtà rí kókó yẹn kó tó wo ojú wọn.

"Ẹ wò ó dáadáa o," ó ní. "N ò ní í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá lówó, kó rà á. Ẹni tí ò bá ní, ọ̀nà tó gbà wọlé ṣì wà níbẹ̀."

"Ọkọ̀ dà?" ni ìyàwó béèrè. "Àbí èyí ni? Pósí lẹ fẹ́ tà fún wa?"

Ọ̀dà tuntun ni wọ́n fi kùn ún, ọ̀dà náà sì ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Dígí iwájú ti sán. Ìjókòó ti ya, fóòmù inú rẹ̀ tú síta bí ìfun. Aláàárù di kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ mú. Ó wọ inú ọkọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ fo pákó kejì, ó lọ bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹ́ńjìnnì. Alágbàtà tẹ̀ lé e. Ó fẹsẹ̀ lé pákó kejì yẹn, pákó náà yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó ṣubú sómi.

"Pákó burúkú!" ó pariwo.

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín létí omi. "Ẹ gbà mí o! Ẹni tó ni ọkọ̀ ò mọ ibi tó máa tẹ̀!"

"Ọkọ rẹ ni mò ń bá ṣòwò, n ò pè ọ́ sí i."

"Ìwé ọkọ̀ ńkọ́?" ni aláàárù béèrè.

"Ìwé? Ṣé ilé ẹ̀kọ́ lo fẹ́ gbé e lọ ni? Ọ̀gá ọlọ́pàá tó wà ní ìkóríta, àbúrò mi ló fẹ́. Ní gbogbo etí omi yìí, ta ló tó bi mí ní ìwé?"

Aláàárù mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. "Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ó sọ nù. Òun ló jẹ́ kí n gbé owó wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò ṣàìsàn o. Bátìrì tuntun ni mo fi sí i." Ó tẹ nǹkan kan, iná iwájú tàn yòò. "Mẹkáníìkì ní kí òun fọ́ ojú kọ́kọ́rọ́, mo ní kó fi sílẹ̀. Ẹni tó bá rà á ni kó fọ́ ọ." Ó wo èjìká aláàárù. "Ṣé o tiẹ̀ ti ní ọkọ̀ rí? Àpò sìmẹ́ńtì ni èjìká yìí mọ̀."

"Mo ti ní ọ̀kan rí. Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"O rì í! Ojú rẹ jọ ti ẹni tó máa ń ri ọkọ̀."

Ọwọ́ aláàárù dúró lórí ìdérí táǹkì. Láti ìgbà tí kò ti ní ọkọ̀ mọ́ ló ti ń fi èjìká yẹn ru sìmẹ́ńtì. Dókítà ti sọ fún un pé bó bá tún ru ẹrù di ọdún tó ń bọ̀, apá náà kò ní í gbé ṣíbí dé ẹnu mọ́. Ó ṣí ìdérí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da bẹntiróòlù sínú táǹkì.

"Epo fún ẹ́ńjìnnì tí kò ní kọ́kọ́rọ́?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá táǹkì ń jò."

"Ọlọ́gbọ́n ayé! Dà á tán o. Ẹ̀bùn ni mo kà á sí."

Aláàárù dà á tán. Ó fọwọ́ pa abẹ́ táǹkì. Ó gbẹ.

"Bí táǹkì ò bá jò, ìdí ọkọ̀ ń jò," ni ìyàwó wí. "Ẹ tú u kúrò lára òpó ká rí i. Òkú gan-an, tí wọ́n bá so ó mọ́ òpó, á nàró."

"Obìnrin yìí, ẹnu rẹ mú ju abẹ lọ. N ò tú nǹkan kan."

"Ìyá ọmọ mi, jẹ́ ká máa lọ," ni aláàárù sọ. "Ó mọ ohun tó ń fi pa mọ́."

Ìyàwó tún kókó etí ìró rẹ̀ dì, ó fún un le, ó sì kẹ̀yìn sí omi. Alágbàtà ń wo kókó náà bó ṣe ń lọ.

"Ẹ dúró!" Ó fò bọ́ sílẹ̀. "Màdáámù, wọlé. Jókòó sínú rẹ̀ kí o fojú ara rẹ rí i."

Ìyàwó wọlé. Òun náà gbé ẹsẹ̀ fo pákó kejì. Alágbàtà tú okùn, ó jù ú sínú ọkọ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀ náà síwájú.

"Àjẹ̀ ńkọ́?" ni aláàárù béèrè.

Alágbàtà gbé e sókè. "Ọwọ́ mi ló máa wà. Ṣé òmùgọ̀ lẹ pè mí ni? Bí ẹ bá wò ó tán, ẹ ju okùn sí mi kí n fà yín padà."

Ọkọ̀ náà fi díẹ̀díẹ̀ sún kúrò létí omi. Kò fì, kò sì sí omi tó wọ inú rẹ̀.

"Ṣé ó ń jò?" ni Alágbàtà pariwo láti òkèèrè.

"Rárá o!" ni ìyàwó dáhùn.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀! Ó yá, tú kókó yẹn, jẹ́ ká rí owó!"

Ìyàwó tú u, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, èyí tó ti wà lórí ìṣó lára ògiri yàrá wọn láti òru tí olè ti jí ọkọ̀ wọn yìí gbé, ó nà án sí ọkọ rẹ̀, aláàárù sì tì í bọ ojú kọ́kọ́rọ́, ó yí i.