Ohùn Màmá Ọ̀ṣunníkẹ́ Tó Sọnù Sínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fídíò jẹun, àti ẹ̀yin tí ohùn òbí yín wà lórí fóònù, ẹ má wo àkọlé lásán kí ẹ kọjá. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin.

1.
Sọ̀fíyátù ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Èjìgbò tó ti ń gé fídíò ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gan-an, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ojú ń ro ó, ẹ̀yìn ń dùn ún, iṣẹ́ kò sì yéé wọlé, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Àbíjàn, lórílẹ̀-èdè Ivory Coast.

Ọ̀kan nínú wọn ni Bùràímọ̀, tó ti lo ọdún méjìdínlógún ní Àbíjàn láìwálé. Òun ló bẹ Sọ̀fíyátù lórí fóònù pé kó lọ sí Màsífà, kó lọ ya ìyá òun, Màmá Ọ̀ṣunníkẹ́, ní fídíò.

Màmá jókòó sábẹ́ igi ọsàn, wọ́n sọ̀rọ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n ki ọmọ wọn ní oríkì ilé wọn látòkè délẹ̀. Wọ́n sọ ibi tí wọ́n ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣàdúrà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá bi Sọ̀fíyátù pé: "Ọmọ mi, ṣé ohùn mi á dé ọ̀dọ̀ Bùràímọ̀ báyìí?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Á dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n."

2.
Sọ̀fíyátù kó fídíò náà sínú kọ̀ǹpútà, ó fi ètò àtijọ́ tó fi ń gé fídíò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú fáìlì iṣẹ́ náà nìkan ni ètò yìí kó gbogbo ohun tí kámẹ́rà yà sí. Lọ́jọ́ kejì, ó pa ohun tó wà lórí káàdì kámẹ́rà rẹ́, ó fi ya ìsìnkú kan ní ìlú Ọlá. Iṣẹ́ mìíràn ya wọlé, ó sì fi ti Màmá sílẹ̀ ná. Ó ní òun á parí ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ náà ni Màmá Ọ̀ṣunníkẹ́ kú.

Bùràímọ̀ pè é láti Àbíjàn. "Àbúrò, mo ń bọ̀ nílé. Fídíò yẹn ni a ó jọ wò níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ Màmá. Jọ̀ọ́, tún un ṣe dáadáa fún mi."

3.
Ní àkókò yẹn, ètò tuntun ti jáde, Sọ̀fíyátù sì ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ohùn dá ṣáká. Ọ̀gá Oyèníran tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un.

"Kò sóhun tó burú bí àtijọ́ àti tuntun bá jọ wà lórí kọ̀ǹpútà kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí o bá fi àtijọ́ bẹ̀rẹ̀, fi àtijọ́ parí ẹ̀. Bí o bá fẹ́ fi tuntun ṣí i, kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn. Má sì fi méjèèjì ṣí iṣẹ́ kan náà pọ̀ o."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ó ní ta ló tún ń kọ́ ẹni tó ti lo ọdún mọ́kànlá?

4.
Ọ̀sán Ọjọ́rú ni. Ó fi ètò tuntun ṣí iṣẹ́ Màmá láìṣe ẹ̀dà. Ìkìlọ̀ kan hàn lójú kọ̀ǹpútà pé iṣẹ́ náà yóò yí padà, pé ètò àtijọ́ kò ní lè ṣí i mọ́. Kò kà á tán. Ó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni".

Ètò tuntun wúwo ju agbára kọ̀ǹpútà náà lọ. Bó bá tẹ nǹkan, á tó ìṣẹ́jú kan kó tó mira. Ó sú u. Kò tíì pa tuntun dé tó fi ṣí àtijọ́, tó sì ń fipá mú un kó gba iṣẹ́ náà padà. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó sì dúró gbagidi. Sọ̀fíyátù fi ìka tẹ ibi tí wọ́n ti ń pa á, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí iná rẹ̀ fi kú.

Nígbà tó tún tàn án, ètò àtijọ́ kò ṣí iṣẹ́ náà. Tuntun kò ṣí i. Ó sáré mú káàdì kámẹ́rà. Ìsìnkú ìlú Ọlá ló wà níbẹ̀.

Ọ̀gá Oyèníran fúnra rẹ̀ wá, ó jókòó tì í fún ọjọ́ méjì gbáko. Ohun tó rí yọ kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án lọ, kò sì lóhùn.

"Ṣé o ṣe ẹ̀dà?"

"Rárá, sà."

Ọ̀gá mú fìlà rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

5.
Bùràímọ̀ dé. Sọ̀fíyátù kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Fídíò Màmá ti bàjẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Ó ku díẹ̀. Kò lóhùn."

Bùràímọ̀ wá ìjókòó. "Ìwọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Oríkì tí wọ́n fi kì mí ńkọ́? Báwo ló ṣe lọ?"

Sọ̀fíyátù wá a nínú ọpọlọ rẹ̀ títí. Lọ́jọ́ náà, oòrùn tó ń gba àárín ewé ọsàn kọjá ló ń ṣọ́, kó má ba àwòrán jẹ́. Kò fetí sọ́rọ̀.

"Mi ò rántí, Ẹ̀gbọ́n."

"Màmá nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n nílé wa."

Bùràímọ̀ wo ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìyá rẹ̀ ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Lẹ́yìn náà ló dìde.

"Bọ́n, ó dáa. Fi ránṣẹ́ sí mi."

Kò bú u, kò ṣépè. Ìbá sàn fún Sọ̀fíyátù bó bá bú u.

Ọ̀rọ̀ náà dé Àbíjàn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wá fún un gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Títí dòní, fọ́tòkọ́pì ló ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè fídíò, á ní òun kò ṣe é mọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe ẹ̀dà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ sinmi. Iṣẹ́ á dúró dè yín. Bí ẹ̀rọ bá bi yín ní ìbéèrè, ẹ kà á tán kí ẹ tó dáhùn. Ẹ má sì rò pé ọjọ́ pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti sọ yín di ẹni tí a kì í kìlọ̀ fún. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.