Hẹlikọ́pítà Tó Já Lulẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀

Mo fi Ọlọ́run búra, òótọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn yìí. Àbí kí n má tíì búra tó bẹ́ẹ̀: òótọ́ inú ẹ̀ pọ̀ ju irọ́ lọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Olúwadára, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Màmá Morádéún bí, gbé hẹlikọ́pítà ilé iṣẹ́ wọn gbéra láti ọgbà wọn ní Liverpool Road. Kò tíì kọjá Ajégúnlẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì fi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó sì dákẹ́. Orí pápá bọ́ọ̀lù ló já sí. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù sá àsálà; itan Olúwadára ṣẹ́ sí méjì.

Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Màmá pé àwọn ti mọ ohun tó fà á, tìbínú-tìbínú ló fi wọ ọgbà. Martins, ẹni tó ń rọ epo sí hẹlikọ́pítà, jókòó sílẹ̀ láàárín ọlọ́pàá méjì. Màmá ò kí ẹnikẹ́ni. Ó fọ́ ọ létí.

“Martins! Ìwọ tí mò ń gbé mọ́ínmọ́ín wá fún! Kí lọmọ mi ṣe fún ẹ?”

“Mama, abeg…”

“Má pè mí ní Mama! Ṣé èmi ni mo bí apànìyàn?”

Ephraim, ọ̀gá ibẹ̀, dì í mú. “Ẹ ṣe sùúrù, Mà. Omi ni wọ́n bá nínú epo. Omi ló pa ẹ́ńjìnnì.”

“Omi! Ọ̀lẹ! O ò lè wo epo kó o tó rọ ọ́?”

“Mo wò ó, Mà,” ni Martins wí. “Epo yẹn mọ́ gaara. Ẹ̀yin gan-an wà níbẹ̀. Ẹ̀ ń gbàdúrà sí hẹlikọ́pítà nígbà tí mo lọ fọwọ́.”

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Àdúrà yẹn ni ò jẹ́ kó o rí ọmọ mi pa!”

Wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Martins lọ́wọ́. Adaeze, ìyàwó rẹ̀, kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, ìkókó lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n, Mà. Tí wọ́n bá tì í mọ́lé, ta ló máa bọ́ wa?”

“Kó ṣẹ̀wọ̀n tán ná, kó wá bọ́ ẹ!” Màmá yíjú sí Ephraim. “Ẹ ẹ̀ mọ ohun tí Ọlọ́run ṣe. Tí kì í bá ṣe odidi ìgò omi àdúrà tí mo fọwọ́ ara mi dà sẹ́nu táǹkì yẹn láàárọ̀ Mọ́ńdè, òkú ọmọ ni ǹ bá máa sin báyìí.”

Ephraim wo Martins, ó wo Màmá. Ó ní kí wọ́n tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Adaeze ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Ibi tí mo parọ́ ni pé wọ́n tú Martins sílẹ̀: Màmá ò sọ ọ̀rọ̀ omi yẹn lọ́gbà rárá, ṣọ́ọ̀ṣì ló ti sọ ọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè nígbà tó ń jẹ́rìí, gbogbo ìjọ pariwo halelúyà, pásítọ̀ gbàdúrà sí ìgò mẹ́rin mìíràn fún hẹlikọ́pítà tuntun, Martins sì wà látìmọ́lé títí dòní.