Ayọ̀kú: Bí Jabez Ṣe Gé Orúkọ Ọmọ Rẹ̀

Ẹ má fo ìlà kankan, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá dúró lágbedeméjì ti di Jabez nìyẹn, ọ̀gá àwọn agékúrú.

1. Oju Ore ní Ọ̀tà ni Jabez ń gbé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Àpótí ìkórúkọsí kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ C kọ. Èdè Ruby sì ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì tó ń hù bí olú káàkiri Ọ̀tà fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tiwọn. Ruby kò gbọ́ C, C kò gbọ́ Ruby. Bí ògbufọ̀ ṣe máa ń dúró ti pásítọ̀ àlejò, bẹ́ẹ̀ ni Jabez kọ ògbufọ̀ kan sáàárín àwọn méjèèjì, òun ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ìyìn nìkan ló ń gbà, ó sì ń wú bí ẹ̀wà inú omi.

2. Hajarat, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílé-iṣẹ́ kan ní Agbara, kọ̀wé sí i:

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ògbufọ̀ yín ń gé orúkọ wa. Lẹ́tà ló ń kà, àmọ́ àyè ni C ń kà. Ọ̀, tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, gba àyè márùn-ún. Ú gba méjì. Lẹ́tà tí kò lámì gba ẹyọ kan. Mo ti tún un ṣe, ìlà méjì péré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi sí i."

Jabez fèsì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níṣojú gbogbo ayé:

"Àǹtí alámì, ta ló ń fi àmì sórí orúkọ láyé òde òní? Ẹni tó bá pàdánù ìrù orúkọ, kó máa fi orí rẹ̀ ṣe é."

Kò sì fi àtúnṣe náà sí i. Ìlà méjì péré o! Ṣíọ̀!

3. Ọdún mẹ́sàn-án ni Treasure, ìyàwó Jabez, fi wojú Ọlọ́run kó tó bímọ. Olùkọ́ Yorùbá ni. Ó sọ ọmọ náà ní Ayọ̀kúnnúmi, ó kọ ọ́ tàmìtàmì, ó fún Seth tó ń tẹ orúkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ ìkómọjáde, pásítọ̀ gbé ọmọ sókè. Orúkọ tàn gbàràmù lára ògiri:

Ayọ̀kú.

Ògbufọ̀ Jabez ni ṣọ́ọ̀ṣì náà ń lò. Lẹ́tà mẹ́wàá ni ògbufọ̀ kà, C gbé àyè mẹ́wàá, ó dúró lórí ú. Ẹ fi ìka yín kà á.

"Ta ló ní ayọ̀ mi kú?" Treasure figbe ta.

Jabez nàka sí Seth. "Òun ló tẹ̀ ẹ́!"

Ẹ gbọ́ ìwà ìdọ̀tí! Ó mọ̀ o. Ó mọ̀ dájú!

Seth fi ohun tó tẹ̀ hàn wọ́n: pípé ló pé. Ó wá ìdí ọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìwé Hajarat ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú èsì Jabez nísàlẹ̀. Seth kà á sókè: "Ẹni tó bá pàdánù ìrù orúkọ..." Treasure gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Òun ló bá a parí rẹ̀. "Kó máa fi orí rẹ̀ ṣe é."

4. Treasure gbé ọmọ, ó ń lọ sílé ìyá rẹ̀. Jabez dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Treasure, jọ̀ọ́, èmi ni bàbá ẹ̀!"

"Bàbá Ayọ̀kú ni ẹ́. Ayọ̀kú náà ni mo fi sílẹ̀ fún ẹ. Ayọ̀kúnnúmi ń bá mi lọ."

Lónìí, ògbufọ̀ tí Hajarat tún ṣe ni gbogbo ènìyàn ń lò.

Ẹ̀yin tí orúkọ ọlọ́mọ wà níkàáwọ́ yín, ẹni tó fi àṣìṣe yín hàn yín kì í ṣe ọ̀tá. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí gbogbo agbéraga tẹ́ ẹ mọ̀, àmọ́ ẹ má gé e. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.