Àyè Kan ní Missouri

Lẹ́yìn ìsìnkú Janelle, ìyàwó rẹ̀, ohun méjì ni Merle Tjaden kọ́ láti sè: ẹyin díndín, àti ọbẹ̀ ẹran lílọ̀ tí wọ́n ń dà lé ọ̀dùnkún. Ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹrin, ọbẹ̀ ni ó sè, nítorí Colby Hauptmann ń bọ̀ wá jẹun ọ̀sán.

Colby ni balógun ikọ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Reid, ọmọ Merle, wà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ni, láàárín oko àgbàdo Iowa. Wọn kì í tìtorí bọ́ọ̀lù fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ náà ń rin ìrìn wákàtí mẹ́rin nínú bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù níwájú igba ènìyàn, ìyá àti bàbá wọn ni ó sì pọ̀ jù nínú igba náà. Janelle kì í pa ọ̀kan jẹ. Nígbà tí ó kú ní oṣù Kìíní, gbogbo ikọ̀ náà wọ súùtù wá, Colby sì wà lára àwọn mẹ́fà tí ó gbé pósí. Súùtù yẹn náà ni ó ti wọ̀ ní gbogbo ọdún kejì rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, nígbà tí orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ tí ó kàn ń jókòó wo eré.

Ní òpin oṣù Kẹta, Kóòṣì Strand ti yunifásítì ńlá kan ní Missouri pe Reid. Ó rí fídíò rẹ̀. Ó ní àyè ọ̀fẹ́ kan ṣoṣo ló kù: ẹ̀kọ́, oúnjẹ, ibùsùn, títí Reid yóò fi parí. Ó fẹ́ gbọ́ èsì kí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oúnjẹ ọ̀sán yìí, tó pé. Àwọn mẹ́ta tí ó jókòó ti tábìlì yìí nìkan ni ó mọ̀.

"Dádì, iyọ̀ ńkọ́?" Reid bèèrè.

"Ó wà nínú agolo."

"Ṣé inú agolo ló yẹ kó wà?"

"Ìwọ tó o da odidi páálí iyọ̀ sínú ẹ̀wà ní yàrá wa," Colby ní, "ta ló bi ọ́ léèrè? Ọ̀gbẹ́ni Tjaden, ẹ bù sí i fún mi, ẹ má dá a lóhùn."

Lẹ́yìn oúnjẹ, Reid lọ sí ilé màlúù bàbá rẹ̀ láti fún àwọn ọmọ màlúù ní wàrà. Colby ń fọ abọ́, Merle ń nù ún.

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́, sà," Colby ní. "Tó bá jẹ́ èmi, á ní mò ń jowú."

"Kí ni?"

"Missouri yìí. Ṣé ẹ ti rí i kó sunkún láti oṣù Kìíní?"

Merle ronú. "Rárá."

"Èmi náà ò rí i. Àárín àjèjì ló wá fẹ́ lọ. Tí ò bá gbá a dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀, wọ́n á gbàgbé orúkọ ẹ̀. Níbí, a mọ̀ ọ́n. A mọ màmá ẹ̀."

"Ó fẹ́ lọ, Colby."

"Torí kó má baà máa wọlé síbí láì bá màmá ẹ̀ ni."

Merle nu abọ́ kan náà fún ìgbà pípẹ́. "Ìwọ ńkọ́?" ó bèèrè. "Oṣù tó ń bọ̀ lo máa parí."

"Èmi? Ta ló ń wá arúgbó ẹlẹ́sẹ̀ kan?" Colby rẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ gba ìkòkò.

Reid wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ ní bàtà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, Merle ti pààrọ̀ táyà méjì lára ọkọ̀ nítorí ọ̀nà Missouri. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀.

"Má lọ," ó ní. "Dúró síbí."

"Ṣé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ nìyẹn, Dádì?"

"Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn."

Reid jókòó. Nígbà tó yá, ó mú fóònù jáde, ó wò ó, ó sì gbé e sórí tábìlì. "Mi ò lè sọ ọ́ fún Kóòṣì Strand. Tó bá bẹ̀ mí pẹ́nrẹ́n, màá gbà."

"Gbé e wá," Colby ní. "Kí ni balógun wà fún?"

Ó gbé fóònù náà jáde lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé màlúù. Láti ojú fèrèsé, wọ́n ń wò ó bí ó ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń ká ẹsẹ̀ kan, ó ń nà án. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú.

"Ọkùnrin yẹn ò fẹ́ gbà," Reid ní.

"Colby á bá a sọ ọ́ dáadáa," Merle ní.

Nígbà tí Colby wọlé, etí rẹ̀ ti pọ́n fún òtútù. "Ó ti parí. Inú ò bí i. Ó ní kí n kí yín, Ọ̀gbẹ́ni Tjaden."

Reid dì mọ́ ọn, ó gbé orí lé èjìká rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó pẹ́ kí ó tó dákẹ́. Colby dúró, kò mira. Merle bu ọbẹ̀ tó kù sínú ike, ó de ìdérí rẹ̀, ó sì gbé e fún un lẹ́nu ọ̀nà.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ìwé ìròyìn ìlú gbé àwòrán Colby jáde, fìlà yunifásítì Missouri náà lórí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọdún mẹ́rin ni òfin gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ gbá bọ́ọ̀lù, pé ọdún tí orúnkún gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì kù fún un láti gbá, àti pé orí fóònù, ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹrin, ni Colby fúnra rẹ̀ ti tọrọ àyè kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ Kóòṣì Strand, tí ó sì rí i gbà.