Abẹ́rẹ́ Omi Iyọ̀

Ṣìkẹ́mi kì í pa Sọ́ńdè kan jẹ. Bí wọ́n bá ti túká ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Amùkòkò, ní Ajégúnlẹ̀, á kó mọ́ínmọ́ín eléwé sínú kúlà, á wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé Àpápá, á sì gbé e fún Dókítà Akínsànyà ní ọsibítù. Á kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run ló rán yín sí mi."

Dókítà á rẹ́rìn-ín. Á ṣí ewé, á máa jẹ ẹ́ lórí tábìlì tí àwọn ìwé ìwádìí rẹ̀ wà, epo á sì máa dán ní ètè rẹ̀ títí dé àgbọ̀n. Nọ́ọ̀sì Morìnsọ́lá, tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ, á wo ẹnu tó ń lọ sókè sódò yẹn, itọ́ á sì korò lẹ́nu tirẹ̀. Òun mọ ohun tí obìnrin yìí ń dúpẹ́ lé lórí.

Reuben, ọkọ Ṣìkẹ́mi, ń de kọ̀ńténà mọ́ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Tin Can. Ìpá ló gbé e wá sí ọsibítù fún iṣẹ́ abẹ. Ó sígbọnlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó wọ aṣọ alápá gígùn nínú ooru, ó sì we síkáàfù dé ọrùn bí àwọn ará ìjọ wọn ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí dókítà bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ojú Reuben ló kọ́kọ́ wò.

"Dá wọn lóhùn," ni Reuben wí.

"Kò ní, sà."

Kí wọ́n tó la èèyàn, wọn á fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, wọn á sì fún un ní òmíràn tó ń mú kí gbogbo iṣan ara dẹ̀, kó má baà mira lábẹ́ ọ̀bẹ. Bí iṣẹ́ bá ti parí, wọn á fún un ní èyí tó ń dá agbára iṣan padà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni Dókítà Akínsànyà ń ṣèwádìí lé lórí. Àwọn kan fi oògùn tuntun ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, kó fi wé ti àtijọ́. Àdéhùn ni pé kò sí aláìsàn tí kò ní gba ọ̀kan nínú méjèèjì.

Lọ́jọ́ ti Reuben, Morìnsọ́lá rí i tí dókítà ń fa omi iyọ̀ lásán sínú abẹ́rẹ́.

"Sà, omi iyọ̀ mà nìyẹn."

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ wo bó ṣe máa pẹ́ tó kí ara fúnra rẹ̀ tó jí. Ará Ajégúnlẹ̀ ni, jàre. Egungun wọn le."

Oorun dá lójú Reuben, ṣùgbọ́n ara kò jí. Wọ́n fi í sílẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń bá a mí. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń fi iná mànàmáná díẹ̀ ta àtàǹpàkò rẹ̀ wò bóyá iṣan ti jí, àtàǹpàkò náà kò mira. Ìpéǹpéjú rẹ̀ kò ṣí, àmọ́ omijé ń yọ lábẹ́ rẹ̀, ó ń ṣàn wọ etí. Dókítà fi òwú nù ún, ó ju òwú náà sílẹ̀, ó sì ń kọ̀wé rẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ wọlé, kó má baà máa da àwọn èèyàn láàmú níta.

"Ó ṣì ń sùn," ló sọ fún un. "Oorun ọkọ yín le."

Ṣìkẹ́mi kọ́kọ́ jókòó jìnnà. Lẹ́yìn náà ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ sókè, ó fi í sílẹ̀. Ọwọ́ náà já bọ́. Ó tún gbé e, ó tún já bọ́. Ó wá fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kò sinmi. Omijé Reuben sì ń pọ̀ sí i. Morìnsọ́lá rò pé àdúrà ni obìnrin náà ń gbà. Kò lè wò ó mọ́. Ó jáde sẹ́yìn ilé, níbi tí gọ́tà ti ń rùn fún ẹja jíjẹrà àti epo dísẹ́ẹ̀lì, ó sì bì síbẹ̀.

Ara Reuben padà jí. Ó lọ sílé, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Ni mọ́ínmọ́ín bá bẹ̀rẹ̀.

Ní Sọ́ńdè kan, dókítà ń jẹun lọ́wọ́, ó na ìka olóúnjẹ sí Ṣìkẹ́mi. "Ẹ bá mi wá àwọn mìíràn ládùúgbò yín, ẹ gbọ́? Àwọn tí ara wọn le bíi ti ọkọ yín." Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀wà sì ta sórí ìwé.

"Mo gbọ́, sà," ni Ṣìkẹ́mi wí.

Lọ́jọ́ kejì, Morìnsọ́lá wá a lọ sí Amùkòkò. Reuben wà ní Tin Can. Ṣìkẹ́mi ń bó ẹ̀wà, alápá gígùn náà ló wọ̀. Ọdúnayọ̀ ọmọ rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọn kò pariwo.

"Ìyá Ọdúnayọ̀, kì í ṣe oorun ni Bàbá Ọdúnayọ̀ ń sùn lọ́jọ́ yẹn. Ó ti jí. Dókítà ló mọ̀ọ́mọ̀ fi oògùn tó yẹ kó mú un mira dù ú. Gbogbo ìrora ló ń mọ̀, kò kàn lè gbé ìka ni."

Ṣìkẹ́mi fi ẹ̀wà sílẹ̀. "Ṣé ó ń gbọ́ràn?"

"Ó ń gbọ́."

"Títí kan ohun tí mo sọ sí i létí?"

"Gbogbo ẹ̀, mà." "Ọ̀rọ̀ dókítà yẹn ń rí mi lára. Mi ò lè gbé e mì mọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Màá jẹ́rìí sí i."

Ṣìkẹ́mi dìde, ó yọjú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó wá di ọwọ́ Morìnsọ́lá méjèèjì mú, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ má fẹjọ́ wọn sùn, Sístà," ó ní, "láti ìgbà tí Reuben ti fẹ́ mi, ọjọ́ yẹn nìkan ni ọwọ́ ẹ̀ ò lè lù mí; ẹ bá mi bẹ dókítà, kí wọ́n tún fún un ní abẹ́rẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí n lè ráyè kó àwọn ọmọ mi jáde nílé yìí."