Àfẹ́sọ́nà Mi Ti Di Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin èèyàn mi!

Ẹbí Gbénga, àfẹ́sọ́nà mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé wa ní Ìsẹ́yìn láti wá tọrọ mi.

Bàbá tó bí bàbá ẹ̀ ló ṣáájú wọn wá láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí.

Ni ìyá àgbà wa bá figbe ta. "Fàsásì! Àbúrò mi!"

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ẹ̀yin nìyí?"

Wọ́n dì mọ́ra, ẹ̀rín ń dà pọ̀ mọ́ ẹkún. Bàbá gbé àga ẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn àlejò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà.

Ìgbà yẹn ló wá wò mí.

"Ọmọ ọmọ yín lèyí? Èèwọ̀! Ẹbí kan náà ni wọ́n!"

Màmá mi ti ń kó obì kúrò nílẹ̀. Gbénga fi fìlà bojú. Èmi ń wá ibi tí màá dákú sí, èrò ti kún gbogbo ilẹ̀.

Àfi bí ìyá àgbà ṣe bú sẹ́rìn-ín.

"Fàsásì, ta ni ìyá ẹ?"

"Ìyá wa náà ni!"

"Èyí tó bí ẹ ńkọ́?"

Bàbá ṣí fìlà, ó họrí.

"Háà! Ará Ìgànná ni wọ́n."

"O ti wá rántí! Ṣebí aṣọ òkè híhun lo wá kọ́ lọ́dọ̀ bàbá mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbàgbé pátápátá! Kò sẹ́ni tó pè mí lọ́mọ iṣẹ́ rí nílé bàbá yín."

Ó dìde, ó gbé àga ẹ̀ padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbénga, ó tún fìlà dé.

"Ó yá, àlejò ni wá o. Ẹ mú ìyàwó wa jáde!"