Koríko Ẹnu Ọ̀nà Ọ̀gá

“Ohun ọ̀gbìn kankan ò kú mọ́ mi lọ́wọ́ rí!” Ológbà ilé-iṣẹ́ ń pariwo, ó na ìka sí obìnrin tó ń gbálẹ̀ lójú ọ̀gá. “Ìwọ lo fi omi pa koríko ọ̀gá!”

Koríko etí odò ni, inú ìkòkò ńlá ni wọ́n gbìn ín sí lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Orí ewé rẹ̀ ti gbẹ, ó pọ́n bí irin tó dógùn-ún.

“Àràárọ̀ ló ń bomi sínú àwo abẹ́ ìkòkò yìí, tí mo ń dà á nù! Ọ̀gá, ẹ lé e!”

“Bàbá, inú ẹrẹ̀ nirú ẹ̀ ti ń hù. Ẹ fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀.”

“Ṣé èmi lò ń kọ́ níṣẹ́? Ẹ wá wo gbòǹgbò tó ti jẹrà!”

Ó fà á tu bí ẹni ń fa eyín ọ̀tá. Gbòǹgbò funfun báláú. Iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ bí eérú dà sórí bàtà ọ̀gá.

Ojú ọ̀gá pọ́n. “Òùngbẹ lẹ fi ń pa á! Ẹ lọ kẹ́rù yín. Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ó máa tọ́jú ọgbà látòní lọ.”

Obìnrin náà ti tún koríko gbìn, ó ń bomi sí i.

“Mo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ yìí, sà. Mo kàn ní kí n fún un lómi kí n tó máa lọ ni.”